Àbójútó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ọpọlọ ọmọdé ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀

Àbójútó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ọpọlọ ọmọdé ni iṣẹ́ tí àgbà òṣìṣẹ́ ń ṣe láti tọ́ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ́nà bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ìrònú, ìhùwàsí tàbí ìdàgbàsókè wọn ní ìṣòro. Nọ́ọ̀sì, dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, saikólójísìtì àti òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ni ó kàn jù. Ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé àti ẹ̀ka ìlera ọpọlọ nínú àkójọpọ̀ ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí OAUTHC, ni iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù. Lára àkójọpọ̀ yìí ni Wesley Guild ní Iléṣà àti ilé-ìwòsàn Imẹ̀sí-Ilé wà.

Ìpìlẹ̀

Wesley Guild, tí àwọn míṣọ́nárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, ti mọ irú àbójútó báyìí nínú ìtọ́jú ọmọdé kí ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ tó wọ̀ ọ́. David Morley, dókítà ọmọdé tó wá láti Ìlú Ọba, dé síbẹ̀ ní 1956, Imẹ̀sí-Ilé ló sì ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn pọ̀ ju ohun tí dókítà lè dá rí lọ. Ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti máa wọn ọmọ, kí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá ọmọ ń tọ́jú lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú èyí tí agbára wọn ká, kí wọ́n sì pe dókítà sí ìyókù. Káàdì yẹn tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí kò gbajúmọ̀ tó káàdì ni pé ètò náà sọ dókítà di ẹni tí ń padà wá wo iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe. Ní 1975 ni wọ́n dá àkójọpọ̀ ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀nà yẹn náà ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò mhGAP ní 2008, tó sì gbé ìwé atọ́nà rẹ̀ jáde ní 2010: kí òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ lè tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní ilé ìlera tó sún mọ́ ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn ti dán ètò náà wò ní Nàìjíríà. Àwọn olùkọ́ àgbà kọ́ àwọn olùkọ́ kéékèèké, àwọn yẹn sì kọ́ òṣìṣẹ́ 198 láti ilé ìlera 68 ní ìjọba ìbílẹ̀ 8. Irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ṣá lọ́kàn òṣìṣẹ́ bí kò bá sí ẹni tó ń padà lọ wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí alábòójútó ń ṣe

Alfred Kadushin, onímọ̀ iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ní Amẹ́ríkà, pín iṣẹ́ alábòójútó sí mẹ́ta: ìṣàkóso, ìkọ́ni àti ìtìlẹ́yìn fún òṣìṣẹ́. Ìpín yìí ni wọ́n ń lò jù. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ìjọba, ìṣàkóso ló máa ń gbé méjì yòókù mì. Ọ̀gá á wá wo ẹni tó pẹ́ dé, á yẹ fáìlì wò bóyá wọ́n buwọ́ lù ú, á fún ẹni tó ṣẹ̀ ní kúẹ́rì. Gbogbo rẹ̀ ló pọn dandan, àmọ́ kò sí ọ̀kan tó sọ bóyá ara ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ń yá. Àwọn dókítà ń rí ìkọ́ni gbà nígbà tí kọnsọ́tántì bá ń yí wọ́ọ̀dù ká, nítorí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dókítà ló ń bi wọ́n léèrè nígbà ìdánwò. Nọ́ọ̀sì tó bá ọmọ náà ṣe gbogbo òru kì í sábà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta, ìyẹn ìtìlẹ́yìn, ni wọ́n ń fojú fò dá jù. Ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ojú ọmọ tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ rí, tàbí tó ń di ọmọ tó ń lu ara rẹ̀ mú, kò lè máa gbé e lọ sílé lójoojúmọ́ kó má bà á jẹ́. Jápa tún ti mú kí ẹni tó kù nídìí iṣẹ́ máa ṣe ti ẹni tó lọ mọ́ tirẹ̀. Bí alábòójútó kò bá tètè rí àmì àárẹ̀, bíi kí òṣìṣẹ́ máa jágbe mọ́ ọmọ, tàbí kó máa yẹra fún ọmọ kan pàtó, ọmọ náà ni yóò jìyà rẹ̀.

Bí ìjókòó ṣe ń lọ

Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ tó sábà ń délẹ̀ nígbà tí alábòójútó àti òṣìṣẹ́ bá jókòó sọ̀rọ̀ ni ti ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, tó ti wọ wọ́ọ̀dù léraléra. Ká ní ọmọ ọdún 9 kan kò bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń tọ̀ sórí ibùsùn, kò sì jẹun. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé aláìgbọràn ni. Alábòójútó tó mọṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbáwí. Yóò béèrè: ìgbà wo ni kò jẹun? Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Kí ló wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ wọlé? Ibẹ̀ ni yóò ti hàn pé ìgbà tí wọ́n bá gbé dírípù bọ̀ ni ọmọ náà ń kọjú sí ògiri, àti pé lálẹ́ tí ìyá àgbà rẹ̀ wá, ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ohun tí ojú rí yìí ni wọn yóò kọ sínú fáìlì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fẹnu kò pé kí nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ lọ bá ọmọ náà ní ọwọ́ òfìfo, kó sì sọ fún un ṣáájú kí abẹ́rẹ́ tó dé. Alábòójútó yóò wá dúró ní ìkangun wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ mìíràn láti fojú ara rẹ̀ wò ó.

Ọjọ́ orí máa ń dá sí ọ̀rọ̀ náà. Saikólójísìtì tí kò tíì pé ogójì ọdún lè jẹ́ alábòójútó nọ́ọ̀sì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ bí ọmọ yẹn ṣe ṣe lóru àná fún mi” ló máa fi ṣí ọ̀rọ̀, kò sì ní tọ́ ọ sọ́nà lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ìyá ọmọ. Bó bá sì jẹ́ ọ̀gá ló dàgbà jù, ìṣòro á yí padà: ọmọ iṣẹ́ á ní “Ó ti yé mi, mà” kí ó má bàa dà bí aláìmọ̀kan. Nítorí náà, bíbéèrè bóyá ó yé e kò wúlò. Kí ó ṣe é lójú ọ̀gá ló sàn, kí ọ̀gá ṣe bí ìyá ọmọ, kí òun ṣe bí nọ́ọ̀sì.

Àwọn òbí kan ti gbé ọmọ lọ sí ilé àdúrà tàbí sọ́dọ̀ oníṣègùn kí wọ́n tó dé ilé-ìwòsàn, àwọn mìíràn sì ń ṣe méjèèjì pọ̀. Alábòójútó ní láti kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ pé kó má ṣe bú wọn. Ìyá tí wọ́n bá bú lórí àgbo kò ní dárúkọ àgbo mọ́, ọmọ á sì máa mu ún mọ́ oògùn wárápá láìsí ẹni tó mọ̀.

Òfin àti ewu

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 fi ire ọmọ ṣáájú nínú gbogbo ìpinnu tó kàn án. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 rọ́pò òfin wèrè tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916. Èyí tó ń da òṣìṣẹ́ láàmú jù ni abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún, tó ka gbígbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọdún 1. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ti mú kí àwọn ìdílé máa pe ọ̀rọ̀ náà ní ìjàǹbá, ó sì lè mú kí òṣìṣẹ́ náà má béèrè.

Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ kú, wọn kì í dúró de ìjókòó ọ̀sẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ pe alábòójútó. Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wá láti òdìkejì fóònù ni bóyá wọ́n ti fi ọmọ náà sílẹ̀ ní òun nìkan, àti ẹni tó mọ ibi tí oògùn ẹ̀fọn àti oògùn kòkó wà nílé, nítorí àgbẹ̀ kòkó pọ̀ ní agbègbè Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà.

Ìlú méjèèjì jìnnà síra ní nǹkan bíi 30 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ni àgbà tó mọ ìlera ọpọlọ ọmọdé kò pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó tí Olayinka Omigbodun, dókítà ọpọlọ ọmọdé, dá sílẹ̀ láti kọ́ni nínú rẹ̀. Fóònù àti WhatsApp ló wá di ọ̀nà tó yá jù láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà. Ibi tí alábòójútó bá ti gbà á láàyè, òfin àkọ́kọ́ ni pé orúkọ ọmọ, àwòrán rẹ̀ àti nọ́ḿbà fáìlì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìkànnì náà.