Ìbéèrè kọ́ ló ń kó òṣèlú wọ kíláàsì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ṣáá, pé tíṣà tó bá ń jẹ́ káwọn tó ń kọ́ sọ tẹnu wọn, òṣèlú ló ń kó wọ kíláàsì, pé ẹ̀kọ́ gidi ni kí tíṣà kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù kí gbogbo wọn dà á kọ, ó parí. Paulo Freire, olùkọ́ ọmọ Recife ní Brazil tó ní kí tíṣà àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ máa jíròrò, ni wọ́n sì máa ń di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà rù. Mi ò gbà rárá.

Ní Brazil nígbà tí Freire bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀, ẹni tí ò bá mọ̀wé ò lè dìbò. Òfin ọdún 1881 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó di 1985 kí wọ́n tó yí i padà. Nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní 1888, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Bahia, ìta ni òfin yìí tì wọ́n sí, torí ta ló rán ẹrú lọ síléèwé? Ẹ wá sọ fún mi, ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, báwo ni kíkọ́ àgbàlagbà ní a-b-d ò ṣe ní kan òṣèlú? Tóo bá kọ́ wọn, o ti gbè sápá kan, tóo bá sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ní 1963, Freire àtàwọn ọmọ yunifásítì kọ́ nǹkan bí 300 àgbàlagbà ní Angicos, ní Rio Grande do Norte, láti kàwé, wákàtí bí 40 ni wọ́n sì ní kó gbà. Wọn ò gbé ìwé ọmọdé fún wọn o. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ń wá, ká ní tijolo, ìyẹn bíríkì, wọ́n á fi àwòrán ẹ̀ hàn, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ lé e, ta ló ń mọ ọ́n, ta ló ń gbénú ilé tí wọ́n fi kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á gé e sí ti, jo, lo, ta te ti to tu, la le li lo lu, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn á wá máa tò ó di ọ̀rọ̀ míì. Tíṣà ò káwọ́ gbera níbẹ̀ o, òun ló ṣètò gbogbo ẹ̀, Freire gan-an sì sọ ọ́ pé tíṣà gbọ́dọ̀ mọṣẹ́ ẹ̀, kó má sì díbọ́n pé òun ò ní èrò kankan.

Ní 1964 àwọn ológun gbàjọba, wọ́n fagi lé ètò náà, wọ́n ti Freire mọ́lé fún bí 70 ọjọ́, ó sá lọ Bolivia, ó wá dé Chile. Ní 1967 àwọn ológun yìí kan náà dá ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tiwọn sílẹ̀, MOBRAL, wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ bíi ti Freire, ṣùgbọ́n ìjíròrò yẹn gan-an ni wọ́n yọ kúrò. Ní 1969 wọ́n sọ ẹ̀kọ́ ìwà rere àti ìfẹ́ ìlú di kànńpá ní gbogbo iléèwé, ohun tí ìjọba fẹ́ káwọn ọmọ gbà gbọ́ ló kún inú ẹ̀.