Ìlú Mọ́ Àbí Kò Mọ́? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Wíwọn Ìmọ́tótó Ìgboro

Ọkọ̀ akólẹ̀ ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń kéde iye tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí tí wọ́n kó. Kí ló dé tí ìgboro ò fi mọ́?

Ohun tí wọ́n kó lọ ni wọ́n ń wọ̀n, wọn ò wọn ohun tó ṣẹ́ kù nílẹ̀. Ẹni tó ń rìn lọ ní ìgboro ò rí tọ́ọ̀nù kankan. Ohun tó ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń rí. Tọ́ọ̀nù sì máa ń tan èèyàn jẹ. Òfìfo ike omi kan ò ju nǹkan bíi 20 gíráàmù lọ, nítorí náà 50,000 irú ike bẹ́ẹ̀ ló máa pé tọ́ọ̀nù kan. Iyanrìn tútù tí wọ́n bá kó jáde látinú gọ́tà kan ṣoṣo lè wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà òjò, ìdọ̀tí kan náà á mu omi, á wúwo sí i, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ti gbèrú. Èyí tó wá burú jù ni pé bí àwọn èèyàn bá ń da ilẹ̀ sójú títì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tọ́ọ̀nù á gòkè. Òṣùwọ̀n tó ń gòkè bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí ìmọ́tótó.

Kí ló yẹ ká wọ̀n nígbà náà?

Ilẹ̀ gan-an, ní 50 mítà 50 mítà. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ti ilẹ̀ England. Abẹ́ òfin àyíká wọn ti 1990 ni ìlànà kan ti jáde tó pín ilẹ̀ sí ipò mẹ́rin. A ni ibi tí kò sí pàǹtí kankan. B mọ́, àfi ìwọ̀nba kéékèèké tó fọ́n síbẹ̀. Ní C, pàǹtí wà káàkiri, ó sì ti ń ṣù jọ níhìn-ín lọ́hùn-ún. D ti di òkìtì. Nígbà kan, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ máa ń fi òṣùwọ̀n yìí jábọ̀: ibi 300 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́ta lọ́dún. Wọ́n tún fi ipò àárín kún un. Nínú wọn, B− ló wúlò jù lójú tiwa, torí òun ni ibi tó kù díẹ̀ kó di C, tí èèyàn ṣì lè sáré bá. Wọ́n fagi lé àṣẹ ìjábọ̀ náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ọ̀hún ṣì dára. Ẹgbẹ́ onílé tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní Ìbàdàn tàbí Èkó lè lò ó pẹ̀lú ìwé, bírò àti fóònù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Ẹ ka iye ibi tó gba C tàbí D. Ẹ fi ìdajì iye ibi tó gba B− kún un. Ẹ fi iye gbogbo ibi tí ẹ yẹ̀ wò pín in, kí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po 100. Ká ní ibi 60 lẹ yẹ̀ wò: mẹ́sàn-án gba C, mẹ́ta gba D, mẹ́jọ gba B−. Mẹ́sàn-án, mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́ 16. Ẹ fi 60 pín 16, ó di nǹkan bíi 27 nínú 100. Bí iye yìí bá ṣe ń kéré sí i ni ìlú ń mọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ibi 60 kò pọ̀. Ohun tí ẹ pè ní 27 yẹn lè jẹ́ 16, ó sì lè jẹ́ 38, torí ibi tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Bó bá di 22 nígbà tó tẹ̀ lé e, kò tíì tó ohun tí à ń lù sí agogo. Bí ẹ bá yẹ ibi 300 wò, àlàfo náà á sún mọ́ra, bíi 22 sí 32.

Báwo la ṣe máa yan ibi tí a máa yẹ̀ wò?

Ẹ má fojú yàn án. Ẹni tó bá fojú yàn á lọ síbi tó ń bí i nínú, tàbí ibi tó fẹ́ fi yangàn. Ẹ kọ gbogbo òpópónà sílẹ̀, kí ẹ gé ìkọ̀ọ̀kan sí 50 mítà. Òpópónà tó gùn tó 400 mítà á di mẹ́jọ. Ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí: ọjà àti ibùdókọ̀, òpópónà ńlá, àdúgbò tí èèyàn ń gbé, etí odò àti gọ́tà ńlá. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 600, ẹ kọ nọ́ńbà sórí ìwé pélébé, ẹ ká wọn, ẹ dà wọ́n sínú igbá ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú ẹyọ kan nínú mẹ́wàá láìwo inú igbá. Òun ni 60 yín.

Bí okùn ìwọ̀n kò bá sí, ìṣísẹ̀ 67 ló máa gbé ẹni tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 75 sẹ̀ǹtímítà dé 50 mítà. Ẹ wò ó láti ògiri ilé títí dé ìsàlẹ̀ gọ́tà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì àwọn tó ń tajà, kí ẹ yọjú wo abẹ́ páànù tàbí kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù, torí ibẹ̀ gan-an ni ìgbálẹ̀ máa ń gbá nǹkan sí. Èèyàn méjì ni kó lọ, kí kálukú kọ ipò tirẹ̀ láìfi han ẹnì kejì. Bí ẹnì kan bá kọ B tí èkejì kọ D, wọn ò tíì gbọ́ra wọn yé nìyẹn. Kí wọ́n tó jáde rárá, ẹ tẹ fọ́tò mẹ́ta mẹ́ta fún ipò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mú un dání. Báyìí ni New York ṣe ń ṣe é láti àwọn ọdún 1970: ojú fọ́tò ni àwọn ayẹ̀wò fi ń gbé òpópónà sórí ìwọ̀n, ọ́fíìsì olórí ìlú ló sì ń rán wọn, kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ń gbálẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbálẹ̀ kọ́ ló yẹ kó fún ara rẹ̀ ní máàkì.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Kì í ṣe àárọ̀ kùtùkùtù tí agbálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Ẹ pín wákàtí yín: àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Ẹ má lọ lẹ́yìn òjò ńlá, torí àgbàrá á ti gbá ìdọ̀tí títì lọ sínú gọ́tà, ilẹ̀ á wá dà bí ẹni pé ó mọ́.

A ti rí i pé kò mọ́. Kí ló kàn?

Ẹ wo irú ìdọ̀tí tó jẹ́, torí ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ mẹ́ta tó pọ̀ jù sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ìwé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà àti háhá àgbàdo ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń kọjá lọ ló ti bọ́. Ibi tí a ń dalẹ̀ sí ló wọ́n níbẹ̀, tàbí ó wà ṣùgbọ́n ó ti kún. Àwọn tó ń tà nǹkan wọ̀nyí lẹ máa bá sọ̀rọ̀ kí kálukú gbé ike kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀rá dúdú tí wọ́n ta ní kókó, tó wà láàárín títì tàbí létí odò, inú ilé ló ti wá, òru ni wọ́n sì gbé e débẹ̀. Agbálẹ̀ ò lè tán an. Ẹ wọ ojúlé mẹ́wàá tó yí ibẹ̀ ká, kí ẹ bèèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ dé kẹ́yìn àti iye tí wọ́n ń san. Bí ọkọ̀ ò bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìdọ̀tí á ti máa rùn, ọlọ́mọlanke ni wọ́n á pè, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé ibo ló ń dà á sí. Ọjọ́ tí kì í yẹ̀ ni oògùn èyí. Wolé-wolé tó wá bu owó ìtanràn fún wọn kí ọkọ̀ tó máa dé déédéé, ìyà ló fi ń jẹ wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni iyanrìn àti ẹrẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn kì í kà mọ́ ìdọ̀tí. England kà á lọ́tọ̀, ó sì tọ́. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Wọ́n kó gọ́tà lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n da ẹrẹ̀ dúdú sí bèbè rẹ̀ kó lè gbẹ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó ti gbẹ lókè, ọ̀rá àti ike tó wà nínú rẹ̀ ti yọrí. Ọkọ̀ gùn ún, ó tẹ́ ẹ sójú títì. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó padà sínú gọ́tà. Owó àti òógùn Sátidé yẹn ti ṣòfò. Kí ẹ tó ti ṣọ́bìrì bọ gọ́tà ni kí ẹ ti mọ ọkọ̀ tó máa kó o. Ẹ jẹ́ kó ro fún ọjọ́ kan, ẹ rọ ọ́ sínú àpò ìrẹsì, kí ẹ má sì rọ ọ́ ju ìlàjì àpò lọ torí ó wúwo. Láàárín ọjọ́ kejì, kó ti kúrò níbẹ̀.

Ṣé ká kàn gbé ike ìdalẹ̀sí síbi gbogbo?

Ike tí kò sẹ́ni tó ń dà á nù á di òkìtì tirẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ká ní ike lítà 120 kún láàárín wákàtí márùn-ún ní ibùdókọ̀ kan, tí èrò sì wà níbẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́. Wákàtí 15 nìyẹn, ike yẹn á kún nígbà mẹ́ta. Tí ọkọ̀ bá ń dé lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́, ike lítà 240 méjì lẹ nílò, torí wọ́n á gba wákàtí 20. Ẹ gbé wọn síbi tí èrò ti ń dúró, kì í ṣe ibi tí kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ lu ihò sí ìdí wọn kí omi òjò lè ṣàn, kí ẹ sì bá àwọn tó ń sun àgbàdo sọ̀rọ̀ nípa ẹyin iná.

Ọjọ́ sanitéṣọ̀n ìparí oṣù ńkọ́?

Láti àwọn ọdún 1980 ni a ti mọ̀ ọ́n. Èkó dá ìsémọ́lé aago méje sí mẹ́wàá náà dúró ní 2016. Ó wúlò fún koríko àti gọ́tà iwájú ilé, ṣùgbọ́n kò lè mú ọjà mọ́. Ìlànà England tí a mẹ́nu bà ní kí ibi tí èrò ti pọ̀ jù padà sí ipò A láàárín ìdajì ọjọ́ bó bá ti bàjẹ́. Ibi tí èrò ò pọ̀ lè dúró dé ọjọ́ 14. Ibi tó ń dọ̀tí ní wákàtí wákàtí, kí la fẹ́ fi ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ṣe níbẹ̀?

Ṣé òótọ́ ni pé ìdọ̀tí ń pe ìdọ̀tí?

Òótọ́ ni, wọ́n sì ti dán an wò. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 láti ìlú Groningen ní Netherlands so ìwé ìpolówó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí àwọn èèyàn gbé kalẹ̀ síbì kan tí kò sí ike ìdalẹ̀sí. Nígbà tí ògiri ibẹ̀ mọ́, 33 nínú 100 ló ju ìwé náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ìkọkúkọ sára ògiri yẹn, ó di 69. Èèyàn ibẹ̀ ò yí padà. Ibẹ̀ ni wọ́n bà jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé B− ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ, bí D tilẹ̀ ń bí gbogbo ayé nínú. Iṣẹ́ wákàtí kan lè gbé B− padà sí A, àwọn tó ń kọjá á sì bá yín tọ́jú rẹ̀. Fún D, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìdọ̀tí yẹn ti ń wá ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ tún máa bá a níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó la máa wọ̀n ọ́n lọ́dún?

Ẹ̀ẹ̀mẹta: nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà òjò, àti nígbà ọdún tí ọjà ń kún. Ẹ mú nọ́ńbà tuntun látinú igbá nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti bójú ọjọ́ ṣe rí sí abẹ́ ìwé, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀.