Abẹ́rẹ́ olóyún: kí ló dé tí wọ́n ń fúnni ní ọ̀kan, tí wọn kì í fúnni ní òmíràn?

Ìbéèrè: Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ni wọ́n gún mi ní sẹ́ńtà ìlera ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó lóyún ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ti ikọ́ líle (whooping cough) ni wọ́n fún òun. Èwo la ó gbà gbọ́?

Ẹ gba méjèèjì gbọ́. Àrùn tó ń da ìlú kọ̀ọ̀kan láàmú ni ìjọba ibẹ̀ ń wò, àti owó tó wà nílẹ̀. Ikọ́ náà pa àwọn ọmọ jòjòló ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2012, ọdún yẹn ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún olóyún. Ti tẹ́tánọ́ọ̀sì pàápàá wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n yín.

Nílé níbí, ìwọ́ ọmọ ló ń bani lẹ́rù. Abẹ tí wọ́n fi gé e lè dọ̀tí, àgbàlagbà kan sì lè fi nǹkan sí i kó tètè jábọ́. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Tó bá gba ojú ìdodo wọlé, kò ní pẹ́ tí ọmọ ò fi ní lè mu ọyàn mọ́, ara rẹ̀ á le gbagidi. Àwọn kan á ní gìrì ni, wọ́n á máa wá àgbo kiri nígbà tó yẹ kí wọ́n ti dé ọsibítù.

Ìbéèrè: Apá mi ni wọ́n gún. Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ?

Ara yín ló ń ṣe èròjà tó ń gbógun ti àrùn, ó sì ń gba inú ibi ọmọ kọjá sí ara ọmọ. Èyí ló fà á tí abẹ́rẹ́ kejì fi gbọ́dọ̀ ti wọlé, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ìbímọ.

Ìbéèrè: Mo gba méjì nígbà oyún àkọ́kọ́. Ṣé mo tún máa gbà á?

Bẹ́ẹ̀ ni. 5 ni gbogbo rẹ̀: ìkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ìkẹta lẹ́yìn oṣù 6, ìkẹrin lẹ́yìn ọdún kan, ìkarùn-ún lẹ́yìn ọdún kan míì. Ẹni tó bá pé 5 ti bọ́ títí tí yóò fi bímọ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú káàdì yín! Nọ́ọ̀sì ò lè ka ohun tí kò rí.

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi ní abẹ́rẹ́ yìí ń sọ obìnrin di àgàn.

Irọ́ ni, mà. Ẹ wo àwọn tó gbà á nígbà oyún àkọ́kọ́, tí wọ́n ti bí ìkẹta.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò fún mi ní ti ibà pọ́njú?

Kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀, wọn kì í sábà fún olóyún nírú rẹ̀. Àmọ́ tí ibà náà bá ń jà nílùú, dókítà lè ní kí ẹ gbà á, torí ewu ibà ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Bíi tirẹ̀ ni ti èéyi: lẹ́yìn ìbímọ ni kí ẹ gbà á, kí ẹ sì dúró tó ọ̀sẹ̀ 4 kí ẹ tó tún lóyún. Bí ẹnì kan bá ti gbà á láìmọ̀ pé òun ti lóyún, kó sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìyẹn ò tó ìdí láti ṣẹ́yún.