Sírínjì kọ́ ló ń kọ́ odídẹrẹ́ lọ́rọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kí ẹnìkan ṣáà ti ní òun fẹ́ sin odídẹrẹ́, ẹlòmíì á ti dá a lóhùn: "Mú un kí ojú ẹ̀ tó là, kí o máa fi sírínjì rọ ògì sí i lẹ́nu. Ìwọ ló máa mọ̀ ní ìyá. Kò ní pẹ́ sọ̀rọ̀."

Ti ọ̀rọ̀ sísọ kò gba àròyé. Ohun tí odídẹrẹ́ bá ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń bá gbé ló ń sọ. Alex, odídẹrẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Irene Pepperberg rà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1977, ti tó ọmọ ọdún kan kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èèyàn méjì ló ń jókòó níwájú rẹ̀, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè orúkọ nǹkan, òun náà sì ń dá sí i.

Ibi tí àríyànjiyàn kì í ti í tán ni báwọn kan ṣe ń sọ pé ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ bá bọ́ kò ní mojú èèyàn láéláé. Ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, wọ́n fi ọmọ àwọn ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀ sínú ìtẹ́, bàbá àti ìyá wọn ń bọ́ wọn. Iṣẹ́ èèyàn kò ju kó gbé wọn jáde fúngbà díẹ̀, kó fọwọ́ pa wọ́n lára, kó sì dá wọn padà. Wọ́n mojú èèyàn. Mo mọ̀ pé odídẹrẹ́ tiwa kọ́ nìyẹn, tiwa sì lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fi sírínjì bọ́ wọn?

Ẹ wá bi àwọn tó ń fi ògì bọ́ ọmọ odídẹrẹ́ bóyá wọ́n ní tẹmómítà nílé. Wọ́n á ní ẹ̀yìn ọwọ́ làwọn fi ń tọ́ ọ wò. Oúnjẹ ọmọ ẹyẹ yìí gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 39 sí 41 lórí Celsius. Bó bá tutù, á dúró sínú àpò ọ̀fun rẹ̀, á kan. Bó bá gbóná jù, á jó àpò náà, ó sì lè lu síta láyà kí oúnjẹ máa jò. Bó bá ṣì sínú kòmóòkun, ó di inú ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sì ń jẹun ní wákàtí méjì-méjì, títí kan òru. Ògì nìkan kò sì ní púrótéènì àti kálísíọ́mù tó lè mú egungun rẹ̀ le.

Mi ò ní kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Bí ìyá bá kọ ọmọ, ẹni tó mọṣẹ́ ni yóò bọ́ ọ, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé kiri fún títà, inú ihò igi ni wọ́n ti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ti fòfin de kíkó èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fún òwò.

Bí ọmọ odídẹrẹ́ kan bá ti wà lọ́wọ́ yín lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ mú un móoru ná. Ẹ má fún un lóúnjẹ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ pe dókítà ẹran kílẹ̀ tó mọ́.