Nígbà tí ìwé jẹ́nótáìpù méjì kò bá ara mu

Ìwé méjì máa ń wà lọ́wọ́ ẹlòmíì: ọ̀kan kọ AA, èkejì kọ AS, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ló wà lórí méjèèjì. (AA kò ní jíìnì àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, AS ní ẹyọ kan, SS ló ní àrùn náà.) Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé láàbù kan purọ́. Àṣìṣe láàbù wà lóòótọ́, ó sì ń dùn mí, torí ìfẹ́ àwọn méjì lè torí rẹ̀ fọ́. Àmọ́ nígbà mìíràn, àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ ni kò lágbára láti rí ohun tí a ń wá.

Nínú àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ jù, a máa ń kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí bébà tó ti rin, a ó wá fi iná mànàmáná sí i. Hemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn, là ń wò: irú A á sáré síwájú, S á wà lẹ́yìn rẹ̀, a ó sì ka ilà tí wọ́n fà. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín lọ́jọ́ náà nìkan nìyẹn. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ AA sára ẹni tó jẹ́ SS láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ilà A á yọ, ìwé á sì kọ AS. Hemoglobin D, tó jẹ́ irú mìíràn, pàápàá máa ń dúró lójú kan náà pẹ̀lú S, a sì lè ṣì í mú fún S.

Àyẹ̀wò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní PCR, tó ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀. Kì í wo hemoglobin rárá; DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí a jogún lọ́wọ́ òbí, ló ń wò. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fa gbogbo wàhálà yìí: níbi tí jíìnì A ti kọ GAG, GTG ni ti S. Ẹ̀rọ náà á mú DNA gbóná dé bíi 95°C kí okùn rẹ̀ méjèèjì tú síra, á jẹ́ kó tutù kí ègé DNA kéékèèké tí a ti pèsè sílẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ibi tí a fẹ́, á tún gbé e dé 72°C kí ensáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ bí òṣìṣẹ́, hun okùn tuntun. Tó bá yí i nígbà 30, ẹyọ kan lè di bílíọ̀nù. Lẹ́yìn náà la ó da ensáìmù mìíràn, DdeI, sí i. CTGAG ló ń gé. Kò lè gé CTGTG ti S. Ti AA á já wẹ́wẹ́, ti SS á gùn gbọọrọ, AS á ní oríṣi méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ rò pé torí kòrónà ni wọ́n ṣe PCR. Rárá o! Àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde yìí gan-an ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde nípa rẹ̀ dá lé lórí, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1985.

PCR wọ́n, kò sì pọn dandan fún gbogbo ènìyàn. Bí ìwé yín kò bá bára mu, ẹ béèrè fún un. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láìpẹ́ yìí, ẹ sọ fún láàbù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí wọ́n ti nu DNA yín, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀.