Rélùwéè Kékeré Inú Ọgbà

Rélùwéè kékeré inú ọgbà ni àwòṣe ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń tẹ́ ọ̀nà rẹ̀ síta gbangba, láàárín òdòdó àti koríko, dípò orí tábìlì inú ilé. Ó gbajúmọ̀ ní Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà.

Ìwọ̀n

Ilé-iṣẹ́ Ernst Paul Lehmann ní Nuremberg gbé LGB, oríṣi rélùwéè inú ọgbà kan, jáde lọ́dún 1968. Láti 2007 ni LGB ti di ti ilé-iṣẹ́ Märklin. Mìlímítà 45 ló wà láàárín irin méjèèjì, ìwọ̀n ọkọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1:22.5, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 22.5. Lára àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mìlímítà 32 náà wọ́pọ̀. Bí a bá lo ìwọ̀n 1:24, tí a fi 24 pín mìlímítà 1,067 tó wà láàárín irin méjèèjì ojú irin àtijọ́ Nàìjíríà, ó jẹ́ nǹkan bíi 44.5, tó sún mọ́ 45, nítorí náà ọkọ̀ Èkó sí Kánò ṣeé ṣe ní 1:24 lórí ojú irin yìí láìsí wàhálà.

Títẹ́ ojú irin

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ibí náà ni ọ̀pọ̀ rélùwéè ọgbà sì ti ń bàjẹ́. Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Wọ́n á gbẹ́ kòtò tí kò jìn, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí omi lè ráyè lọ, wọ́n á tẹ́ ojú irin lé e, wọ́n á wá fi gíránáìtì lílọ̀ dí àárín àwọn igi ìdábùú tó wà lábẹ́ irin. Àwọn mìíràn ń da kọnkéré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dà á kò ní lè yí ọ̀nà padà bọ̀rọ̀. Wọn kì í kan ojú irin mọ́lẹ̀ pinpin. Irin idẹ tó gùn tó mítà 10 yóò fi bíi mìlímítà 6 gùn sí i bí ooru bá fi ìwọ̀n 30°C lé. Bí kò bá ráyè nà, á wọ́ bí ejò. Àlàfo tíntín tí wọ́n ń fi sílẹ̀ níbi ìsopọ̀ ló ń gbà á.

Ọ̀nà tó bá gòkè ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ nínú mítà kan sábà máa ń mú kí kẹ̀kẹ́ máa yọ̀ bí ẹrù bá pọ̀. Òbìrìkítí LGB tó kéré jù fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.2, ọkọ̀ gígùn kì í sì wuyì lórí rẹ̀.

Agbára

Iná mànàmáná máa ń gba inú irin wá, àmọ́ idẹ a máa dọ̀tí, àfi kí wọ́n nù ún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi yan bátìrì àti rédíò. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ní ti gidi: gáàsì bútéènì tàbí sípíríìtì ló ń se omi inú bọ́ílà wọn. Omi òjò dára fún un ju omi ẹ̀rọ lọ, torí ẹfun inú omi ẹ̀rọ a máa lẹ̀ mọ́ ọn nínú.