Òtútù àyà: ohun tó ń fà á àti àmì rẹ̀

Òtútù àyà jẹ́ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń kún fún omi tàbí ọyún, tí mímí á fi di ìṣòro. Bakitéríà bíi Streptococcus pneumoniae, tàbí fáírọ́ọ̀sì, ló sábà máa ń fà á. Ọyẹ́ nìkan kì í dá a sílẹ̀, bí eruku rẹ̀ ní Ṣábẹ ṣe ń bá ọ̀nà èémí jà tó.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti àgbà tó ti lé ní 65 ló wà nínú ewu jù. Ó tún máa ń tètè mú ọmọ tí oúnjẹ kò tó lára rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe èéyi, amusìgá, àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí kòkòrò HIV. Èéfín igi kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ìyá tó ń yan gàrí ní Kétu, tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ń fà á símú. Fífi ipá rọ ọmọ lágbo náà léwu, nítorí àgbo lè ṣìnà bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Bẹ̀nẹ̀ fi abẹ́rẹ́ tó ń dènà Streptococcus pneumoniae kún àjẹsára ọmọdé lọ́dún 2011.

Ikọ́, ibà àti èémí kíákíá ni àmì rẹ̀ lára ọmọdé. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà lè jọ ọ́, àwọn méjèèjì sì lè wà lára ọmọ kan náà. Bí àyẹ̀wò bá tilẹ̀ fi hàn pé ibà ẹ̀fọn wà lára ọmọ, ìyẹn kò ní kí a má ka èémí rẹ̀. Ká aṣọ ọmọ sókè nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kí o wo ikùn tàbí àyà rẹ̀, kí o sì ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Ẹkún máa ń ba iye náà jẹ́. Kíkà fún ìṣẹ́jú àáyá 15 kí a wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin kò ṣeé gbára lé, torí èémí ìkókó kì í dọ́gba. Èémí ti yá jù bó bá pé 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, 50 láti oṣù 2 sí 11, tàbí 40 láti ọdún 1 sí 5.

Bí abẹ́ ìhà bá ń wọlé nígbà tó bá mí sínú, tí kò lè mu ọmú, tí gìrì mú un, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ dúdú bí aró, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Àgbà lè máa wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ ìpẹtà, kí ẹ̀gbẹ́ sì máa dùn ún bó bá mí kanlẹ̀. Arúgbó lè má ní ibà rárá. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kàn dàrú, tí kò sì fẹ́ jẹun.